Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun: Dókítà Tó Wádìí Ìdí Tí Ara Fi Ń Gbọ̀n

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé gbajúmọ̀ kan fún ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti táàmù yìí, èrò mi ni pé màá kọ nípa Awólọ́wọ̀ tàbí Hubert Ògúndé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé wa nígbà ọlidé tó kọjá, òun ló mú mi yí èrò padà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi mú ẹni tí mo mú.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Diobu, níbí ní Port Harcourt. Ọmọ Ìgbó-Ọrà ni wọ́n. Ní bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, òòyì ń kọ́ wọn, èébì sì ń gbé wọn. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò fún wọn ní oògùn òòyì kan àti oògùn èébì kan. Ara tù wọ́n. Ni wọ́n bá ń rà á lóṣooṣù, kò sí dókítà kankan tó ní kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ wọn wúwo, wọ́n ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Ojú wọn le koko bí ẹni tó ń bínú, bẹ́ẹ̀ wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ò mọ̀ pé ìyá tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni!

Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn tún yí i padà, wọ́n ní ìyá fúnra wọn ni àjẹ́, pé ohun tí wọ́n ṣe sẹ́yìn ló ń jà. Bàbá mi ti ń palẹ̀mọ́ láti gbé wọn lọ sí ilé àdúrà kan tí wọ́n ti máa ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, tí wọn kì í sì í fún un lóúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló ta kú, tó ní àfi kí a kọ́kọ́ rí dókítà.

Ohun tí dókítà náà kọ́kọ́ ṣe yà mí lẹ́nu. Ó ní kí ìyá da gbogbo oògùn tó wà nínú báàgì wọn sórí tábìlì. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa méjì yọ, ó sì ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe dá wọn dúró. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ ìyá ti fúyẹ́, ẹ̀rín ti padà sójú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò dákẹ́. Bí wọ́n bá gbé e lé itan, á máa gbọ̀n. Dókítà ní nǹkan méjì ló pàdé nínú ara ìyá: oògùn ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ọpọlọ kan ti ń yọ́ bọ̀ lábẹ́ tẹ́lẹ̀, oògùn yẹn ló sì fà á jáde síta kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kan ti wádìí irú nǹkan báyìí láàárín tiwa rí. Ó dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka nípa rẹ̀.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí

Ọdún 1935 ni wọ́n bí Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń ní ilé kan kò sí ní Èkìtì tí kò ní ọ̀mọ̀wé. Ilé Ọ̀ṣuntókun wà lára àwọn ilé tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olóyè Odùọlá Ọ̀ṣuntókun, di mínísítà ní Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé ọjọ́un. Àbúrò rẹ̀, Jídé, di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn. Káyọ̀dé lọ sí Christ's School ní Adó-Èkìtì, ó sì gba ibẹ̀ wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Lẹ́yìn náà ó rékọjá sí ìlú ọba, ó kọ́ nípa ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ.

Nígbà yẹn, dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ni Ọ̀ṣuntókun. Ó lè jókòó sí ìlú ọba kó máa gba owó ńlá, ó padà sí UCH ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì, tó sì tún ṣe ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Ṣùgbọ́n ipò kọ́ ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Iṣẹ́ tó ṣe ni.

Àwọn tó ń rìn tàgétàgé

Àìsàn kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti agbègbè Ẹ̀pẹ́ láyé ìgbà náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe á máa jó wọn bí iná, lẹ́yìn náà á kú tipiri. Wọn á máa rìn tàgétàgé bí ẹni tó mu ọtí yó. Bí wọ́n bá di ojú nígbà tí wọ́n dúró, wọ́n lè ṣubú. Ojú àwọn mìíràn á ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn á di. Ẹ lè fọkàn yàwòrán ohun tí ará ìlú ń sọ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ṣuntókun kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa dúró dè wọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Monekosso ọmọ ilẹ̀ Cameroon wà lára wọn, wọ inú ìlú lọ. Wọ́n yẹ àwọn ènìyàn wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láìsí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀ tó. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní cyanide wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí a bá ṣe ẹ̀gẹ́ dáadáa, tí a rẹ ẹ́ tàbí jẹ́ kó kan, tí a fún omi rẹ̀, tí a yan án, púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Èyí tó bá kù, ara á fi ohun tó ń rí nínú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà pa oró rẹ̀, á sì sọ ọ́ di ohun mìíràn tí a ó tọ̀ dànù. Ohun mìíràn yẹn ni Ọ̀ṣuntókun wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Bí wọ́n bá gba aláìsàn sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì ń fún un ní oúnjẹ mìíràn, á wálẹ̀. Bó bá padà sílé sídìí ẹ̀gẹ́, á tún gòkè.

Ìwádìí yìí jáde ní ọdún 1968 nínú ìwé àwọn dókítà ní ìlú ọba, èkejì sì tẹ̀ lé e ní 1969. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ni nígbà ti àkọ́kọ́! Kò yẹ kí n fi apá kan pamọ́ o. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn olùwádìí mìíràn rí ìlú kan tí wọ́n ti ń jẹ cyanide inú ẹ̀gẹ́ gan-an, síbẹ̀ tí àìsàn náà kò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn tún wà nídìí rẹ̀. Bí ìmọ̀ ṣe ń rìn nìyẹn. Ẹni kan á la ọ̀nà, ẹlòmíràn á tún un ṣe.

Ẹ̀yin ará hostel, ẹ má tìtorí èyí da gàrí yín nù. Gàrí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa, tí wọ́n sì yan dáadáa, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àmọ́ ẹ rántí fi ẹ̀pà tàbí ẹja sí i, kì í ṣe ṣúgà nìkan.

Agogo inú ọpọlọ

Ọ̀ṣuntókun tún kọjú sí àìsàn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ara fi ń gan, tí ìrìn fi ń falẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àìsàn Parkinson. Ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé àìsàn àwọn aláwọ̀ funfun ni. Ní ọdún 1979, òun àti Dókítà Bádémọ̀sí kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà 217 tí wọ́n tọ́jú tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé, tí ara wọn ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń bẹ láàárín wa tẹ́lẹ̀. A kàn ń fi orúkọ mìíràn pè wọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi. Nílé ẹ̀kọ́ wa níbí, agogo ló ń jí wa láàárọ̀. Ẹni tó ń lù ú wà, àwa tí à ń gbọ́ ọ tí à ń dìde sì wà. Ibì kan báyìí wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ń pèsè nǹkan kan tó ń jẹ́ dopamine. Ẹ ka àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sí àwọn tó ń lu agogo, kí ẹ sì ka dopamine sí ìró agogo. Bí ìró náà bá ń dún dáadáa, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ á máa gbéra lásìkò.

Nínú àìsàn Parkinson, àwọn tó ń lu agogo ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn kò ní mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó kù á máa ṣe iṣẹ́ àwọn tó lọ. Ìgbà tí èyí tó pọ̀ bá ti lọ ni ọwọ́ á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ti oògùn yàtọ̀. Àwọn tó ń lu agogo wà láyé, wọ́n sì ń lù ú, ṣùgbọ́n oògùn ti ki òwú bọ etí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, àti cinnarizine tí wọ́n ń lò fún òòyì. Oògùn mìíràn kì í di etí, agogo fúnra rẹ̀ ló ń gbé pamọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa: asofẹ́yẹjẹ, ewéko tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Reserpine wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà òyìnbó ń fún ènìyàn ní reserpine láàárín ọdún 1950 sí 1959, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ, ara àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gan tí ó sì ń gbọ̀n. Arvid Carlsson ní ilẹ̀ Sweden fún ehoro ní reserpine, ehoro kò lè mira mọ́. Ó fún un ní ohun tí ara fi ń ṣe dopamine, ó tún dìde. Láti ibẹ̀ ni oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú Parkinson títí dòní ti wá.

Ní báyìí, ẹ wo ti ìyá àgbà mi. Àwọn tó ń lu agogo nínú ọpọlọ wọn ti dín kù láìsí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ìró tó kù ṣì tó gbéra. Ni oògùn bá di etí tó ń gbọ́ ọ. Gbogbo ilé sùn fọnfọn. Nígbà tí wọ́n yọ òwú kúrò, ilé jí, àmọ́ àwọn tó ti kú kò padà. Òun ló jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún ṣì máa gbọ̀n.

Láti ilé dé ilé ní Ìgbó-Ọrà

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nìyí. Ọ̀ṣuntókun mọ̀ pé ẹni tó wá sí ilé ìwòsàn nìkan kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ ńkọ́? Ẹni tí wọ́n ti fi sí ilé àdúrà ńkọ́? Nítorí náà, láàárín ọdún 1980 sí 1989, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Ìgbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìbejì, wọ́n sì ń lọ láti ilé dé ilé. Iye ènìyàn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ súnmọ́ 19,000. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ló kọ́kọ́ ń béèrè ìbéèrè, tí wọ́n ń ní kí ènìyàn ṣe àwọn nǹkan kéékèèké. Ẹni tí nǹkan kan bá jọ pé ó ń ṣe, dókítà ọpọlọ á wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Mo bi ìyá àgbà bóyá wọ́n rántí. Wọ́n ní àwọn rántí àwọn kan tó wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí àwọn na ọwọ́ síwájú kí àwọn sì rìn lọ rìn bọ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé ti owó orí ni, ìdí nìyẹn tí ọkọ àwọn fi gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. A rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò lè búra pé àwọn ènìyàn Ọ̀ṣuntókun ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn láti rò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1988, òun àti Schoenberg ará Amẹ́ríkà àtàwọn mìíràn fi Ìgbó-Ọrà wé Copiah, àgbègbè kan ní Mississippi tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Nínú àwọn tó ti tó ogójì ọdún sókè, Parkinson mú bí 341 nínú 100,000 lọ́hùn-ún. Ní Ìgbó-Ọrà, bí 67 péré ni. Ìlọ́po márùn-ún! Bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ni wọ́n lọ́nà kan, nítorí láti ilẹ̀ wa níhìn-ín ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́rú lọ. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń fa àìsàn. Ibi tí a ń gbé àti bí a ṣe ń gbé lè wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ó lè jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe é lọ́dọ̀ wa kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán.

Ọ̀rọ̀ arán, àti òpin iṣẹ́

Iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn dá lórí àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra, tí àwa máa ń sọ pé wọ́n ń ṣarán. Láti 1992, òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan. Ní Ìbàdàn, agbègbè Ìdíkàn ni wọ́n lò. Wọ́n rí àgbàlagbà 2,494 níbẹ̀, àti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú 2,212 ní Indianapolis, gbogbo wọn ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, nǹkan bíi 8.24 ló ní àìsàn náà lọ́hùn-ún. Ní Ìbàdàn, 2.29 ni.

Èsì yìí jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, pẹ̀lú orúkọ Ọ̀ṣuntókun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣuntókun kò rí i. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ẹni ọgọ́ta ọdún. Ibi tí mo dé nínú kíkà nìyí tí mo fi ìwé sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Iṣẹ́ náà kò kú ṣá o. Àwọn tó kọ́, bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo mú, màá sì pín in pẹ̀lú yín.

Èkíní, bí ọwọ́ àgbàlagbà bá ń gbọ̀n, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ẹ jẹ́ kí a tú báàgì oògùn rẹ̀ wò, kí a sì kó gbogbo rẹ̀ dé iwájú dókítà. Kí ẹ sì má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín o, pàápàá èyí tí dókítà kọ fún àrùn ọpọlọ. Ìyẹn náà léwu. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Ó sì dára kí a tètè lọ, nítorí àwọn kan wà tí ẹnu wọn á máa jẹ bí ẹni tó ń jẹ obì lẹ́yìn tí wọ́n ti lo irú oògùn yìí pẹ́, tí kò sì lọ mọ́ bí wọ́n tilẹ̀ dá a dúró.

Èkejì kàn wá gan-an. Oògùn èébì metoclopramide lè mú kí ọrùn ọ̀dọ́ lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú rẹ̀ sì yí sókè, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì tó lò ó. Ọ̀dọ́ ló tilẹ̀ máa ń ṣe jù. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan ní hostel, ẹ má pariwo pé ẹ̀mí kan wọ̀ ọ́. Ẹ sáré pe mátírọ́ọ̀nù, ẹ sì sọ oògùn tó lò. Oògùn tó ń tú u wà, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, Ọ̀ṣuntókun kò ka ẹnikẹ́ni sí ẹni tí a kò gbọdọ̀ kà. Àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ tó ń ta gẹ́gẹ́, ìyá Ìgbó-Ọrà, bàbá Ìdíkàn tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ló kàn ilẹ̀kùn wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí dókítà tó tọ́jú ìyá àgbà mi fi mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Ìyá àgbà wà nílé ní Diobu báyìí. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bu ọbẹ̀, ọ̀tún ń gbọ̀n díẹ̀, wọ́n sì ń lo oògùn tó yẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀ wá sí school, àwọn fúnra wọn ló rìn sìn mí dé ẹnu géètì. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní àjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó dìgbà kan ná o.